Omi Tí Kò Bá Òtútù Jà

Láti ìparí oṣù kọkànlá ni oòrùn ti fi Vardø sílẹ̀.
Ohun tí à ń pè ní ọ̀sán níbí
kò ju kí òkùnkùn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kó tún dijú.
Mo ti ilé iṣẹ́ ẹja dé, ìpẹ́ kọ́ọ̀dù ṣì wà nínú èékánná mi,
mo gbé kọfí kaná, mo tan kọ̀ǹpútà.

Ó ti tó ọdún méjìlá tí wọ́n ti ṣe géèmù yìí.
Nígbà náà, koríko rẹ̀ dà bí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín,
ojú kan náà ni gbogbo ará abúlé ń lò.
Ṣùgbọ́n àwọn tí n kò rí rí kò jẹ́ kó kú:
ẹnì kan ní Busan rán ewé tó ń mì sí mi,
ẹnì kan ní Córdoba fi ìrì sára òkúta,
ẹnì kan tí kò sọ ìlú rẹ̀
fún mi ní oòrùn.
Oòrùn! Mo jókòó tì í bí ológbò.

Ẹwà nìkan kì í yó ni. Mo wá fi ebi kún un,
ebi tó ń jí akọni mi lóru láti wá búrẹ́dì;
mo fi ìwúwo sínú ẹrù, kó má lè ru ogún idà mọ́;
mo fi ìkookò tó gbọ́n ju èmi lọ sínú igbó.

Ìgbà náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹṣin mi jáde láìní awọ,
ó di àwọ̀ àlùkò láti imú dé ìrù,
ó sì ń jẹ koríko rẹ̀ lọ bíi pé kò sí nǹkan.
Ilé alágbẹ̀dẹ gbéra nílẹ̀, ó dúró sójú ọ̀run,
bàbá náà ṣì ń lu irin níbẹ̀.
Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ kú fin-ín,
ojú kọ̀ǹpútà dúdú bíi fèrèsé mi.

Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń mú ọ̀bẹ tó mú.
Níhìn-ín, ẹni tó dé kẹ́yìn ni baálé,
ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń bo ti gbogbo àwọn tó ṣáájú.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń tò wọ́n, tí mo ń tú wọn,
mo gbé ewé sókè, mo fa ìkookò sísàlẹ̀,
mo kọ orúkọ wọn sẹ́yìn páálí ẹja.

Ó ku méjì.
Omi, láti ọwọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ilze:
ìgbì rẹ̀ ń fọ́ funfun, ewé òkun ń mì nísàlẹ̀ rẹ̀.
Òtútù, láti ọwọ́ ẹlòmíràn:
kó sómi, ka oókan dé ọgọ́rin, ó parí.
Mo fi méjèèjì sí i. Mo dúró de ìjà.
Wọn kò jà.
Fáìlì wọn kò tilẹ̀ kanra.
Ọ̀kan mú ojú omi, èkejì mú inú rẹ̀.

Eilert, ọmọ Sigvald, gun àtẹ̀gùn wá.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó dúró lẹ́yìn mi,
ó ń run bísíkíìtì sí mi létí.
"Oddvar, kí ló dé tí kò lúwẹ̀ẹ́?"
Akọni mi dúró sí bèbè. Omi náà dúdú, ó tún ń tàn,
àwọ̀ yẹn gan-an, bó ṣe rí láàárọ̀
tí wọ́n fa ọkọ̀ Sigvald wọlé láìsí Sigvald nínú rẹ̀.

"Ó tutù," mo wí.
"Ṣé ká yọ ọ̀kan kúrò?"
Ọwọ́ mi wà lórí máòsì. N kò tẹ nǹkan kan.
Mo ní kí akọni ṣa igi, kó dáná sétí omi.
Oòrùn àlejò yẹn ń wọ̀, kò kánjú.
Eilert fa àga mọ́ tèmi. "Ṣé à ń dúró de ẹnì kan ni?"
Mo ní kó fún mi ní bísíkíìtì.
Ọ̀kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣẹ́ ẹ sí méjì.